Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà Ìwọn Ọmú tí Ìkókó ń Mu

Ọmú abiyamọ kò ní ojú òṣùwọ̀n bí ìgò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá ni a ń sọ fún pé ọmú wọn kò tó. Kí ni a fi wọ̀n ọ́n? Ọ̀nà méjì ni a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Èkíní ni gbígbé ọmọ sórí ìwọ̀n kí ó tó mu ọmú àti lẹ́yìn tó bá mu ún tán. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n omi ń bá èémí àti òógùn ọmọ lọ bó ti ń mu ọmú, nítorí náà iye tí a rí máa ń dín sí òótọ́.

Èkejì ni èyí tí Coward àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé jáde ní 1982. Ìyá yóò mu ìwọ̀nba omi tó ní dutéríọ́ọ̀mù. A óò sì máa yẹ itọ́ ìyá àti tọmọ wò fún ọjọ́ 14. Bí ìyá bá ní ọmú nìkan ni òun ń fún ọmọ, tí ìyá àgbà sì ń rọ ọmọ lágbo, àyẹ̀wò yìí lè fi hàn. Àléébù rẹ̀ ni owó àti ẹ̀rọ.

Lérò tiwa, ọ̀nà kejì ló yẹ olùwádìí. Ní ti èkíní, ọmọ kì í mu iye kan náà nígbà gbogbo. A kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dá abiyamọ lẹ́jọ́. Bí ọmọ ṣe ń tọ̀, tó sì ń wúwo sí i, ni kí a kọ́kọ́ wò.