Snell Roundhand àti Káàdì Ìpè Wa

Iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ewì, kì í sì í ṣe ìtàn àròsọ. Lẹ́tà ìtẹ̀wé ni. Snell Roundhand ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn lẹ́tà tí ó rí bí ẹni pé ọwọ́ akọ̀wé ni ó kọ wọ́n, irú èyí tí à ń rí lórí káàdì ìpè sí ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè. Ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ nípa èdè máa ṣe lámèyítọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí aṣọ tí a fi wọ ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà yìí ti ṣẹ̀. Charles Snell jẹ́ olùkọ́ ìkọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkọ̀wé rẹ̀ ti nǹkan bí ọdún 1694 ni Matthew Carter wò tí ó fi ya lẹ́tà tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Linotype sì gbé jáde ní 1966. Ìyẹ́ ẹyẹ tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà ayé Snell. Bí ọwọ́ bá ń lọ sísàlẹ̀, akọ̀wé a tẹ̀ ẹ́, ìlà a sì nípọn. Bí ó bá ń padà sókè, a rọra, ìlà a sì tín-ín-rín bí irun orí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan a na ọwọ́ mú èkejì. Ohun tí ó ń dààmú àwọn tí ó ń fi òjé tẹ̀wé nígbà náà nìyẹn, nítorí orí òjé onígun mẹ́rin ni lẹ́tà wọn máa ń dúró. Èyí tí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ a yọ sóde, etí rẹ̀ a sì máa kán. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù to lẹ́tà ni ọ̀nà là fún Carter. Ẹ wo ibi tí n ti so mọ́ a nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kò ní rí ojú àsopọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò fi bò. Ohun tí n kò lè fara dà ni kí atẹ̀wé fi kìkì lẹ́tà ńlá rẹ̀ kọ orúkọ olóyè tán. Alágbádá ni àwọn lẹ́tà ńlá wọ̀nyí, ọ̀kan ṣoṣo ti tó láti ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí mẹ́jọ bá há sí ẹnu ọ̀nà kan, ta ni yóò dá ojú ẹnìkan mọ̀ níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Snell ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi àmì sábẹ́ e, o tàbí s. Bí lẹ́tà tiwa kan kò bá sí nínú irú èyí tí atẹ̀wé yàn, kọ̀ǹpútà a lọ yá a láti ibòmíràn, ẹ ó sì rí ọ kan tí ó dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá láàárín àwọn tí ń jó. Ojú a ti atẹ̀wé, a sì yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè dán. Mo ti rí káàdì ìgbéyàwó kan tí “ẹbí ọkọ” ti di “ebi oko”. Ìwé tí ó ní kí a wá jẹun ni ó ń kéde ebi yìí, pépà rẹ̀ nípọn, àwọ̀ wúrà sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́!

Àwọn kan yóò ní Yorùbá ni gbogbo wa, a ó mọ ohun tí à ń wí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹbí. Orúkọ ńkọ́? Ẹni tí kò mọ ìdílé náà rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá Òkè ni “Oke” tí a tẹ̀ yìí, tàbí Ọ̀kẹ́, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tí a bí pẹ̀lú àpò lára? A ní a fẹ́ bu ọlá fún ènìyàn, a sì kọ orúkọ ẹlòmíràn fún un.

Èmi kò gbà pé ẹwà àti àmì kò lè gbé inú ilé kan. Àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o, nítorí náà lẹ́tà tí a ṣe fún èdè tiwọn ní ẹ àti ọ. Wọn kò ní ṣ, òun ni a lè wá tì níbẹ̀. Èyí tí ó ṣòro jù wà nínú ìrísí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ẹgbẹ́ ní ọ̀nà ti Snell. Ìrù g a sọ̀ kalẹ̀, a ṣẹ́rí sí òsì, a sì gba abẹ́ ẹ àkọ́kọ́ kọjá, níbi tí àmì wà gan-an. Lókè, b tí ó fì sọ́tùn-ún ti gba àyè tí àmì ohùn yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni y kejì nínú ayẹyẹ, tí í ṣe ọ̀rọ̀ orí káàdì gan-an. Ẹni tí ó kàn lẹ àmì róbótó mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ó ní láti gé ìrù yẹn kúrú. Ìlà kúkúrú tí ó dúró lóòró ni púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá àtijọ́ ń lò sábẹ́ lẹ́tà, èmi yóò sì padà sí i. Ìlà ni kálàmù mọ̀ ọ́n fà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, tí ó sì fì díẹ̀ bí lẹ́tà náà ti fì, yóò dà bí ẹni pé ọwọ́ kan ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

Káàdì àpèjẹ ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn alákòóso. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo abẹ́ lẹ́tà rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó gbé e fún atẹ̀wé.