Ojú Tó Ń Ṣọ́ Ọjà Òkè Òkun

Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, ti rìn jìnnà kí òyìnbó tó dé. Lónìí, àdìrẹ ń ti Ifẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń tà á kò sì rí ojú ẹni tó ń rà á. Bí àwọn olùtajà ṣe ń dá gbájúẹ̀ tó ń fi káàdì olóníkáàdì rajà mọ̀ ló wú mi lórí.

Gbájúẹ̀ kì í sábà ná ọjà. Kì í béèrè bóyá aró aṣọ ń ṣí. Èyí tó wọ́n jù ló ń kó, ó sì ń kánjú. Olùtajà á wo nọ́ńbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ àkọ́kọ́ lára káàdì, èyí tó ń fi báǹkì tó ni ín hàn. Káàdì Amẹ́ríkà, ẹrù ń lọ sí Gánà? Á fura. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ní Chicago lè máa ra aṣọ fún ìyá rẹ̀ l'Ákùúrẹ́! Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Olùtajà á pe oníbàárà lórí fídíò: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jẹ́ ká jọ wo aṣọ yín.” Olè á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Bí ẹni tó ni káàdì bá lọ fẹjọ́ sun báǹkì, ọwọ́ olùtajà ni wọ́n sábà máa ń ti gba owó padà, aṣọ sì ti lọ. Ẹ̀yin ará òkè òkun, bí olùtajà bá pè yín, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.