Àpótí Tó Ń Gbé Òórùn Dídùn

Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju awẹ́ obì lọ. Fàdákà ni. Wọ́n fín ara rẹ̀ bí ẹni fín igbá, wọ́n sì fi òrùka wẹ́ẹ́rẹ́ sí i létí kí obìnrin lè fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, wúrà tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ á máa kọ mànà. Asẹ́ kan tún wà níbẹ̀ bí ìdérí kejì, abẹ́ rẹ̀ sì ni kànìnkànìn kékeré tí wọ́n rẹ sínú fínígà olóòórùn dídùn ń gbé. Vinaigrette ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ayé ìgbà tí wọ́n ń lò ó ló bí i. Ìgbẹ́ ẹṣin kún títì, ẹ̀gbin ilé ń ṣàn wọ odò. Nígbà ooru ọdún 1858, odò Thames rùn débi pé ara ni àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀n nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Obìnrin tí òyì bá kọ́ nínú aṣọ tó fún un níkùn pinpin á ṣí àpótí rẹ̀, á fà á símú, ojú á wálẹ̀. Òróró lavender wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ fínígà náà, ewéko tí orúkọ rẹ̀ di lọ́fínńdà lẹ́nu tiwa.

Àwọn àgbà rẹ̀ ti wà ṣáájú. Àwọn pomander kan, ìyẹn àpótí olóòórùn dídùn tí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń so mọ́ ìgbànú nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, máa ń là bí awẹ́ ọsàn, òórùn ọ̀tọ̀ nínú awẹ́ ọ̀tọ̀, torí wọ́n gbà pé inú afẹ́fẹ́ tó ń rùn ni àìsàn ń gbé. Ohun tí wọ́n ń ha lára ẹtà, irú ẹtà tó wà nínú igbó tiwa, kò gbẹ́yìn níbẹ̀.

Birmingham ni ojúlówó ilé vinaigrette. Láti 1773 ni wọ́n ti ń lu àmì ìdákọ̀ró sára fàdákà ìlú náà. Nathaniel Mills, alágbẹ̀dẹ fàdákà níbẹ̀, fi àwòrán ààfin Windsor sórí ìdérí tirẹ̀, àwọn èèyàn sì ń du irú rẹ̀ títí dòní. Ní tèmi, asẹ́ inú ni ọba. Nígbà tí ọ̀gágun ojú omi Nelson kú nínú ogun Trafalgar ní 1805, alágbẹ̀dẹ fàdákà mìíràn, Matthew Linwood, fín àwòrán rẹ̀ sórí ìdérí, ó sì dá Victory, ọkọ̀ ogun Nelson, lu sára asẹ́, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ṣí i nìkan ló lè rí i. Àárín àwọn okùn ìgbòkun ọkọ̀ ni òórùn ń gbà jáde.

Wúrà inú àpótí yẹn kì í ṣe fún fàájì nìkan. Fínígà a máa jẹ fàdákà, kò sì lè jẹ wúrà. Mo ti rí ọ̀kan tí kànìnkànìn rẹ̀ ti gbẹ tán, tí wúrà etí asẹ́ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, níbi tí èékánná ẹnìkan ti máa ń gbé e sókè.