Hot Rod Àtijọ́ Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́ Akọ́ṣẹ́

Bí ọ̀dọ́ kan bá lọ bá àgbà oníṣẹ́ ní Kalifọ́níà pé òun fẹ́ kan hot rod ti àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n tún ṣe kó lè sáré, ohun tí àgbà tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń bi í kì í ṣe iye tó wà lápò rẹ̀. Ọdún ló máa ń bi í. Kì í sì í ṣe ọdún tí Ford ṣe ọkọ̀ náà jáde, bí kò ṣe ọdún tí ọ̀dọ́ náà fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ pé ó parí. Bó bá mú 1948, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì V8 tí Chevrolet gbé jáde fún ọkọ̀ 1955 ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kó pọ̀ lọ́jà tó. Bó bá mú 1957, ààyè rẹ̀ wà. Àtorí táyà dé iná ẹ̀yìn, ọdún tó bá mú ni yóò máa bá a wí.

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ tó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin tó dá àṣà yìí sílẹ̀ kò ka ohun àtijọ́ sí rárá. Láàárín àwọn ọdún 1930 àti 1940, Model T tàbí Model A àlòkù ti Ford ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á tú fẹ́ńdà rẹ̀ dànù, wọ́n á wà á lọ sí adágún gbígbẹ Muroc tàbí El Mirage nínú aṣálẹ̀ Mojave láti wo bó ṣe lè sáré tó. Ẹgbẹ́ SCTA, tó ń ṣètò eré náà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1937. Ohun tó bá tuntun jù tí agbára wọn sì ká ni wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń kan hot rod “àtijọ́” lónìí, ìkánjú àwọn ọmọ yẹn ló ń fi sùúrù ṣe àwòkọ rẹ̀. Àwòkọ bẹ́ẹ̀ lè dára gan-an, àmọ́ ó di ìgbà tí akọ́ṣẹ́ bá mọ ohun tí wọ́n ń kánjú lé.

Ọkọ̀ Doane Spencer, ọ̀kan lára àwọn tó kan hot rod láyé ìgbà yẹn, ló dáa jù láti fi kọ́ ọ. Roadster Ford 1932 ni, ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin. Gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ ti DuVall, tó pín sí méjì, tó sì fì sẹ́yìn. Nígbà tó yá, Spencer bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ náà ṣe fún Carrera Panamericana, eré ìje orí títì ilẹ̀ Mẹ́síkò tó wáyé láti 1950 sí 1954. Ó gbé ara ọkọ̀ ga sí i, ó fa salẹ́ńsà sókè kó má baà máa gbá ilẹ̀. Ọkọ̀ náà kò dé ibi eré ọ̀hún. Síbẹ̀, nígbà tí àfihàn ọkọ̀ ti Pebble Beach kọ́kọ́ ṣí àyè fún hot rod lọ́dún 1997, òun ló gba ipò kìíní, ọwọ́ Bruce Meyer ló sì wà nígbà náà. Ẹ wo ohun tó gbayì níbẹ̀: iṣẹ́ ló pe ìyípadà kọ̀ọ̀kan, ẹwà sì tẹ̀lé e.

Fún akọ́ṣẹ́ tí kò lówó Spencer, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni kó gbé ara Model A, ti 1928 sí 1931, lé orí ṣáásí 1932. Ara Model A pọ̀, owó rẹ̀ sì mọ ju ti 1932 lọ. Ṣáásí 1932 ní tirẹ̀, ìta gbangba ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà, nítorí náà láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ ìlà sí i lára. Bí fẹ́ńdà bá kúrò, kò ní jọ ọkọ̀ tó rin ìhòòhò. Páànù ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ ṣáásí Model A ní tirẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ 103.5 íńṣì lára Model A, ó sì jẹ́ 106 lára ti 1932. Íńṣì méjì ààbọ̀ yẹn kéré létí. Òun ló sì máa sọ ibi tí ràdíétọ̀ yóò dúró sí, bí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò ṣe gùn tó, àti bóyá táyà ẹ̀yìn yóò wà láàárín ihò rẹ̀ tàbí yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tan iná wẹ́dà kó tó to gbogbo nǹkan jọ lásán, pẹ̀lú táyà tí wọ́n máa lò gan-an.

Ibi ẹ́ńjìnnì ni ọ̀dọ́ ti máa ń ṣìnà. V8 tí Henry Ford kó sínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú lọ́dún 1932, tí gbogbo ayé ń pè ní flathead, ní agbára ẹṣin 65. Inú bílọ́ọ̀kù ni fáàfù rẹ̀ wà, kì í ṣe lókè. Èéfín gbígbóná gbọ́dọ̀ la bílọ́ọ̀kù kọjá kó tó ríbi jáde, ní ìhà kọ̀ọ̀kan sì rèé, silíńdà méjì tó wà láàárín ń pín ihò kan ṣoṣo lò. Omi ràdíétọ̀ ló ń gbé ooru yẹn kiri, ó sì máa ń pọ̀ jù fún un. Bí bílọ́ọ̀kù ṣe ń là nìyẹn. Ọ̀dọ́ á sì ti kó owó lé ìbòrí Edelbrock tó ń dán àti káàbúrétọ̀ Stromberg 97 méjì, láìtíì mọ̀ bóyá bílọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ ti sán. Owó àkọ́kọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa yẹ bílọ́ọ̀kù wò ló yẹ kó lọ. Ní ti Stromberg 97, tó wà lórí V8 Ford láti 1936, wọ́n ti ń ṣe tuntun rẹ̀ báyìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì sí ohun tó burú nínú kí akọ́ṣẹ́ ra ìyẹn.

Bíréèkì ni ibi tí ó ti yẹ kí kàlẹ́ńdà gbà fún ọgbọ́n. Títí di 1938, ọ̀pá àti wáyà ni Ford fi ń fa bíréèkì. Bíréèkì olóròóró dé lọ́dún 1939, àwọn ọmọ adágún sì yára tú u kúrò lára ọkọ̀ tuntun sára ti àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó mú 1948 lè lò ó láìtàbùkù. Àmọ́ ihò màsítà, ìyẹn silíńdà tó ń ti òróró lọ sí bíréèkì, kò ju ẹyọ kan lọ nígbà yẹn: bí páìpù kan bá já, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù bíréèkì. Ó tó nǹkan bí 1968 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan pé kó pín sí méjì. Kí akọ́ṣẹ́ lo màsítà oníhò méjì, kó fi pamọ́ sábẹ́ pákó ẹsẹ̀. Kò sí adájọ́ onílàákàyè kankan níbi àfihàn ọkọ̀ tó máa yọ máàkì lára rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n yọ máàkì fún ni ìpẹtà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, nígbà tí wọ́n bá fi ásíìdì àti omi iyọ̀ ba irin jẹ́ kó lè dàgbà. Kò sí ọmọ kankan ní 1948 tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun pẹtà. Ọ̀dà àkọ́kùn lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wà kiri, torí owó ọ̀dà gidi kò tíì dé. Bill NieKamp tiẹ̀ kun tirẹ̀, Ford 1929 kan, débi pé òun ló kọ́kọ́ gba ife roadster tó rẹwà jù nílùú Oakland lọ́dún 1950. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, El Mirage ló gbé ọkọ̀ arẹwà yẹn lọ, ó sì sá ju 140 máìlì ní wákàtí kan. Kí wọ́n fi akọ́ṣẹ́ sílẹ̀ kó fi ọ̀dà àkọ́kùn wa tirẹ̀ fún ọdún kan ná, kó rí ohun tó ń jò àti ohun tó ń gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣáà máa tún tú palẹ̀ kí ọ̀dà tó gorí rẹ̀.