Etí Gíláàsì Tó Jí Sẹ́ẹ̀lì

Ọmọ Kánádà ni David Hubel, ọmọ Sweden ni Torsten Wiesel. Lọ́dún 1958, ní Johns Hopkins nílùú Baltimore, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ Stephen Kuffler. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ṣoṣo ń rí nígbà tí ojú bá là.

Irinṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ wù mí. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà; Hubel ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó mú waya tungsten, ó pọ́n ẹnu rẹ̀ títí ó fi mú ju abẹ́rẹ́ lọ dáadáa, ó fi fáníìṣì bò ó, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún ológbò lóògùn oorun, wọ́n rọra ki waya náà bọ ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ sípíkà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti jí, sípíkà á máa dún tà, tà, tà. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ojú!

Kuffler ti fi hàn lọ́dún 1953 pé ìmọ́lẹ̀ róbótó kékeré ni sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀yinjú ń dá lóhùn. Ibẹ̀ làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ àmì dúdú róbótó mọ́ gíláàsì, wọ́n ń tì í bọ inú ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú ológbò náà, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Sẹ́ẹ̀lì ò mira. Àfi lójijì tó dún bí ìbọn arọ̀jò-ọta.

Ẹlòmíì ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì dúdú ló ṣe é. Àwọn ò kánjú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí ó fi yé wọn pé àmì náà ò mọwọ́mẹsẹ̀ níbẹ̀. Etí gíláàsì ló ń ta òjìji tín-ín-rín kọjá bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé. Ìlà tó fì sápá kan ni sẹ́ẹ̀lì náà ń retí. Bí ìlà bá fì síbòmíì, kẹ́kẹ́ á pa. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ìfì mìíràn.

Ẹ sì wo ayé fúnra rẹ̀: ibi tí ẹ̀ka igi ti pàdé sánmà, ibi tí òkúta ti pàdé koríko. Ààlà ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1996, Bruno Olshausen àti David Field kó fọ́tò irú nǹkan báyìí fún kọ̀ǹpútà. Wọn ò dárúkọ ìlà fún un rárá. Wọ́n kàn ní kó wá ẹ̀yà tó lè fi to àwòrán kọ̀ọ̀kan jọ, kó má sì lo ju díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìlà tó fì sápá kan, bíi ti sẹ́ẹ̀lì ológbò, ló mú jáde.

Hubel àti Wiesel wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 1981. Lójú tèmi, sùúrù tí wọ́n ní lórí sẹ́ẹ̀lì kan yẹn nìkan tó ẹ̀bùn náà gbà.