Kùrukùru Lọ́ńdọ̀nù

Kí n tó fojú kan Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ka Bleak House, ìwé tí Charles Dickens parí ní 1853. Kùrukùru ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ràn yòò. Inú bí mi bí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Èmi ni mo jẹ̀bi. Èéfín èédú ni ó ń sọ kùrukùru wọn di májèlé (kì í ṣe ti ọyẹ́ wa). Ti Dìsẹ́ḿbà 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí òfin 1956 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká èéfín lọ́wọ́ kò.

Mo tún ìwé náà kà. Ilé ẹjọ́ ni Dickens ń bá wí, níbi tí ẹjọ́ ogún kan ti falẹ̀ títí owó ẹjọ́ fi jẹ ogún náà tán. Àárín kùrukùru gan-an ni ó gbé adájọ́ kalẹ̀ sí. Ojú pópó ni èmi ń wá a kiri.