Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Ju "Slander" Lọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a ń rí i nínú ìwé pé àwọn ògbufọ̀ kan ń fi "slander" túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìtúmọ̀ yìí kò tó, ó sì léwu. Lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, "slander" ni ìbanilórúkọjẹ́ tí a fi ẹnu sọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ ni "libel". Bí olùjẹ́jọ́ bá fi hàn pé òótọ́ lòun sọ, òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013 dá a láre.

Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé bí ohun burúkú tí a sọ lẹ́yìn ẹni bá jẹ́ òótọ́, gíbà ni. Bí ó bá jẹ́ irọ́, búhtánù ni. "Slander" bá búhtánù mu, kò dé ọ̀dọ̀ gíbà. Ẹni tó gba ìtúmọ̀ náà yóò wí pé, "Ṣebí òótọ́ ni mo sọ!" Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ 12, sì fi gíbà wé jíjẹ ẹran ara arákùnrin ẹni tó ti kú. "Backbiting" ló sún mọ́ ọn jù: ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀, eyín náà sì wà níbẹ̀. Kí àwọn ògbufọ̀ wa kíyè sí i.